Bẹ́ńtílì Bàbá Mi Tí Wọ́n Fi Iná Gé

Ẹ má kí mi káàbọ̀, Bùrọ̀dá Màmúdù! Mo ní ẹ má kí mi rárá, káàbọ̀ kọ́ ni mo wá gbà lẹ́nu yín! Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, torí bí ẹ bá sún mọ́ mi báyìí, wálláhì, àdá ọwọ́ mi yìí ò ní mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Ẹ gé ọkọ̀ bàbá mi! Ẹ fi iná gé Bẹ́ńtílì bàbá mi sí mẹ́ta, bí ẹni ń gé ẹran iléyá!

Kí lẹ wí? Ìdí igi? Mo mọ̀ pé ìdí igi lẹ máa sọ. Ìyá mẹ́ta ló bímọ fún Bàbá, ìyá kan, ìpín kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pín ogún nílé yìí, mo gbà. Ilẹ̀ là ń pín bẹ́ẹ̀! Oko là ń pín bẹ́ẹ̀! Níbo lẹ ti rí i rí tí wọ́n ti pín mọ́tò bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin dáwódù ilé, ẹ pe wẹ́dà wá láti Asese, ẹ dúró tì í, ẹ ń nawọ́: gé e níbí, ti ìyá tèmi nìyí, gé e lọ́hùn-ún, ti ìyá Mùíbì nìyẹn. Ṣé orí yín pé? Lá ìláà! Ṣé orí yín pé, Bùrọ̀dá?

Òyìnbó ọ̀gá rélùwéè ló fi ọkọ̀ ojú omi gbé mọ́tò yẹn wọ̀lú, ká tó gba òmìnira. Nígbà tó ń padà sílé, lọ́yà Olúgbádé rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bàbá wa ni dírẹ́bà lọ́yà, ó wà á títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ìgbà tí lọ́yà wá ń kú lọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílùú òyìnbó tí wọn ò yọjú, ta ló pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Bàbá ló pè. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó ní, "Bùrẹ́ímọ̀, ìwọ lo mọ̀ ọ́n tọ́jú, máa mú un lọ." Àwọn ọlọ́rọ̀ wá láti Èkó, wọ́n ní irú rẹ̀ ti tán nílẹ̀, kó tà á, Bàbá lé wọn jáde. Kò fi ṣe kabúkabú rí. Ìyàwó nìkan ló fi ń gbé! Ọmọbìnrin ilé yìí tó bá ń relé ọkọ, Bàbá á wọ agbádá, á wà á jẹ́jẹ́ lọ. Ikram ọmọ tiyín, ṣé ẹsẹ̀ ló fi rìn délé ọkọ ni? Ẹ dá mi lóhùn!

Fadilah tèmi wá ńkọ́? Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni yìgì rẹ̀! Kí Bàbá tó kú, ó pe gbogbo wa jọ, ó ní Fadilah ló kù, ká má fọwọ́ kan mọ́tò náà títí Fadilah á fi relé ọkọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe àmín! Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, òun nìkan ni mo bí, ó ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Mowe pé mọ́tò bàbá àgbà òun ń bọ̀ wá gbé òun. Kí ni kí n wá sọ fún un? Kó wọnú bútù?

Torí bútù lẹ fún mi. Mo ti rí i nídìí igi gúáfà níta, adìyẹ ti yàgbẹ́ sí i.

Ibafo ni mo ti gbọ́. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun Mùíbì àbúrò wa láàárọ̀ pé kí n rán an létí ìgbéyàwó. Mo bá ọkùnrin kan lórí àga aláwọ pupa, Mùíbì ń fá a lórí. Mo wo àga, mo rí ojú ibi tí sìgá lọ́yà jó: àga inú Bẹ́ńtílì ni! Yéè! Mo ti ọkùnrin yẹn ṣubú, mo gbá Mùíbì lọ́rùn mú, díńgí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ku ẹyọ kan. Ẹ̀jẹ̀ tó wà láṣọ mi yìí, tirẹ̀ ni. Eyín rẹ̀ ti bọ́ kó tó jẹ́wọ́ pé ẹ ti gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí Owódé, pé ẹ fẹ́ fi lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ́ńjìnnì Bẹ́ńtílì! Gàrí tí ẹ bá fi lọ̀, ọ̀nà ọ̀fun yín ni yóò há sí!

Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ máa háyà jíìpù fún un? Ẹ fi jíìpù yín gbé ara yín!

Ó dáa. Ìdí igi lẹ sọ, ìdí igi náà la ó ṣe. Ilé tí ẹ jókòó sí yìí, ta ló kọ́ ọ? Ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé inú rẹ̀ látìgbà tí Bàbá ti kú, mo ha sọ̀rọ̀ bí? Sámúẹ́lì àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ ń gbọ́ ohùn wọn níta yẹn, ilé wíwó niṣẹ́ wọn, mo padà sí Mowe lọ kó wọn ni.

Kí lẹ wí? Wọn kì í gé ilé sí mẹ́ta? Haa! Hàhàhà! Bùrọ̀dá mi pa mí lẹ́rìn-ín o! Ìpín ìyá tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ojú wíńdò yẹn, ó gba abẹ́ àga yín kọjá, ó wọ yàrá tí ẹ ń sùn. Sámúẹ́lì, ẹ máa kó òòlù wọlé! Ara ògiri yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ Màmúdù, gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìpín ìyá mi!