Yẹ́lò Ni Màmá Ní Kí N Kùn

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Irọ́ ìbáà lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa lé e bá. Ẹ máa ń sọ fún àlejò pé èmi ni mo tọ́jú ìyá àgbà yín dójú ikú. Ẹ yéé sọ ọ́. Ara mi ò le mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

Nígbà tí ojú Màmá ń ṣú lọ, mo ní ká tún yàrá wọn kùn. Akunlé kun ọ̀dà méjì díẹ̀díẹ̀ sára ògiri níwájú ibùsùn, yẹ́lò àti eléérú. Ó ní ká jẹ́ kó gbẹ ná, pé ọ̀dà tútù máa ń tanni jẹ. Màmá wò ó láàárọ̀, wọ́n tún wò ó nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní, "Yẹ́lò ni kó o kùn fún mi. Òun ni mo ṣì ń rí. Èkejì yẹn, òkùnkùn ni lójú mi."

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ èmi ọmọ burúkú. Mo ti fojú sí yàrá yẹn. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá lọ, èmi ni màá kó síbẹ̀, yẹ́lò sì ń rí mi lára. Mo ní kí akunlé kun eléérú. Ó ní, "Àǹtí, ṣebí yẹ́lò ni Màmá ní?" Mo ní, "Ta ló gbé iṣẹ́ fún ẹ? Ṣé wọ́n á mọ̀ ni?" Ó kùn ún.

Nígbà tí mo mú Màmá padà wọlé láti pálọ̀, wọ́n dúró, wọ́n ń yí orí kiri. "Ṣé ó ti kùn ún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Yẹ́lò?" Mo ní, "Yẹ́lò ni, Màmá. Ó mà dáa o." Wọ́n fọwọ́ pa ògiri, wọ́n wá rọra jókòó. Wọ́n ní, "Ó parí nìyẹn. Mi ò rí yẹ́lò náà mọ́. Ojú mi ti fọ́ pátá."

Òótọ́ wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá." Látọjọ́ náà wọn ò jáde sí fàráńdà mọ́, wọn ò sì jẹ́ ká ṣí fèrèsé. Màmá tí wọ́n ń fi òjìji dá yín mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú sí ògiri títí wọ́n fi lọ. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣàdúrà fún mi pé mo ṣe ohun tí wọ́n fẹ́.

Tí àgbà bá ní ohun báyìí lòun ń fẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fún un, kódà kó má wù yín. Màmá, ẹ foríjì mí. Ojú yín ò tíì fọ́ lọ́jọ́ yẹn.