Ohun Tó Wà Nínú Búútà Aláwọ̀ Ewé

Ẹ̀yin ará ilé wa, ẹ kú ìrun Jímọ̀ o. Ẹ má wulẹ̀ máa yọjú lójú fèrèsé mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí obìnrin tó fi ìborùn bojú jókòó sínú ọkọ̀ níta, ẹ sì rò pé ìyàwó tuntun ni mo fẹ́ fi hàn yín. Kì í ṣe ìyàwó tuntun. Òótọ́ kan ni mo pè yín wá gbọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi ò tó ogún ọdún. Ọdún méjì péré ni mo fi jókòó lé e bí ẹni jókòó lé ìjàlọ.

Ọ̀mùtí ni mí. Èmi Jùbrílù tí mò ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí ẹ máa ń rí ní ìlà àkọ́kọ́ ní mọ́sálásí, párága ni mò ń mu, ọtí líle tí wọ́n rẹ egbò àti èèpo igi sí. Mi ò lè gbé ìgò wọ ilé yìí, nítorí náà mo ń rọ ọ́ sínú búútà. Ta ló máa bi Mùsùlùmí léèrè ohun tó ń fi búútà àlùwàlá ṣe? Màá gbé e wọ ilé ìwẹ̀, màá gbé e sẹ́nu, màá fi pákò fọ ẹnu, màá tún jáde pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo tilẹ̀ máa ń yin ara mi fún ọgbọ́n burúkú yẹn.

Lọ́jọ́ tí gbogbo yín mọ̀ yẹn, ìrun Alásárì ti tó. Mo gbàgbé búútà mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màámi, aláwọ̀ ewé sì ni méjèèjì. Ràhámátù ìyàwó mi ló máa ń bu omi sí ti Màámi láti ọjọ́ tó ti wọ ilé yìí. Màámi gbé tèmi, wọ́n fi bọ́jú. Mo ṣì ń gbọ́ igbe wọn: "Wọ́n ti fi oògùn fọ́ mi lójú o! Ràhámátù, kí ni mo fi ṣe ọ́?" Ẹ sáré jáde, ẹ gbọ́ òórùn egbò, ẹ sì gbà pé oògùn ni. Ilé tí ọtí kò wọ̀ rí, ta ló máa mọ òórùn rẹ̀? Ràhámátù kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi, omi kànga ni mo bù, mo fi Ọlọ́run búra." Ó wá yíjú sí mi: "Bàbá Tawheed, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Mo wo ilẹ̀. A ránṣẹ́ pe Àlùfáà Sàlàhúdíìnì. Wọ́n gbé búútà náà sí imú, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò. Wọ́n ní, "Mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀." Màámi bi mí pé, "Jùbrílù, ṣé o ti fura sí ìyàwó rẹ rí?" Èyí tó burú jù nìyí. Mo ní, "Mo ti rí i tó ń fi nǹkan pamọ́." Irọ́ ni! Èmi ni mò ń fi nǹkan pamọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, Màámi ti lé Ràhámátù jáde; ó ti pọn Tawheed, ó ti gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Papalanto.

Àtìgbà náà ni mo wá ń mu ún bí omi. Ní oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Alábàtà, mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi: "Ṣé ọtí ti borí rẹ? Wá bá wa ní Sátidé, aago mẹ́rin. Àwa náà ti mu ún rí." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní Alábàtà jìnnà sí Ìtòkú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ mí níbẹ̀. Mo dé fìlà bojú, mo lọ.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ kọjá ẹnu mi. Àgbàlagbà mọ́kànlá jókòó sórí àga àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ọ̀kan dìde, ó ní, "Èmi ni Bándélé. Ọ̀mùtí ni mí, mi ò tíì mu látàárọ̀." Wọn ò bú u. Wọ́n ní, "O ṣeun, Bándélé." Omi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú ọ̀sán kí ilẹ̀ má là gbé e mì. Ẹnì kan tún dìde ní igun, òun náà dé fìlà bojú. Ó ní, "Èmi ni Sàlàhúdíìnì."

Sùbúhánà-llọ́òhù! Àlùfáà wa! Àwọn náà ti sá wá sí Alábàtà kí èmi má baà rí wọn. Àlùfáà ń sunkún: "Wọ́n gbé búútà kan fún mi rí, mo sì mọ̀ pé párága ni. Bí mo bá sọ, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Mo dákẹ́, wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ." Mo ṣí fìlà mi. Mo ní, "Àlùfáà, èmi ni mo ni búútà náà." Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí lọ́jọ́ yẹn, Ẹni tó mú opurọ́ méjì tó ń sá fún ara wọn, tó sì fi wọ́n jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà, ọtí ò kan ẹnu mi mọ́.

Ó pẹ́ kí àwa méjèèjì tó ní ìgboyà; lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Àlùfáà lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ràhámátù. Ó ní, "Ẹ ò jẹ mí ní ìdọ̀bálẹ̀. Ibi tí ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́, ibẹ̀ ni kí ẹ ti tún un ṣe." Ìdí tí mo fi pè yín jọ nìyẹn. Àlùfáà náà nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ bi wọ́n.

Màámi, ojú yín ti san, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọkàn yín ò tíì san. Èmi ni, kì í ṣe òun. Ẹ bá mi wí bó ṣe wù yín, mo ti dọ̀bálẹ̀, mi ò ní dìde. Ràhámátù ló wà nínú ọkọ̀ níta yẹn. Ó ní òun ò ní wọ ilé yìí àfi bí ẹni tó lé òun bá fi ẹnu ara wọn pe òun. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é.