Ìran Tí N Kò Rí ní Mẹ́kà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ìgbà ìdìbò abẹ́lé àbúrò mi ní Amẹ́ríkà. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, mi ò sọ ọ́ fún ààfáà kankan. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé tí mo bá tún dákẹ́, ilé àbúrò mi á tú.

Púráímárì mẹ́rin ni mo kà, mi ò fi pamọ́. Àmọ́ kò sí Àlàájì láti ilẹ̀ Yorùbá tó balẹ̀ sí Jẹ́dà lásìkò Háàjì tí kò ní gbọ́ orúkọ mi. Èmi ni mò ń kó wọn sí bọ́ọ̀sì lọ sí Mẹ́kà. Èmi ni mò ń wá wọn rí tí wọ́n bá sọnù láàárín àwọn àgọ́ Mínà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọnù rí, èmi ni mo wá a rí. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o, bó ṣe rí ni.

Wàsíù ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Ó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ìyàwó tó fẹ́ lọ́hùn-ún, ọmọ Iléṣà, ló mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn ò bí mi nínú. Nílé wa ní Ìwó, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ni.

Ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn tó ní kí ìjọba má tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ilé onílé, kí wọ́n má sì kọ́ ọmọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ níléèwé. Bàbá òyìnbó kan ni olórí ẹgbẹ́ náà ládùúgbò wọn. Ó ti pẹ́ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin débi pé ibẹ̀ ló ti pá lórí. Àwọn mẹ̀kúnnù inú ẹgbẹ́, àwọn àgbẹ̀, àwọn awakọ̀ akẹ́rù, àwọn ìyá tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé, gbogbo wọn ní bàbá yìí ti gbàgbé àwọn. Wọ́n ní kí Wàsíù bá a du tíkẹ́ẹ̀tì nínú ìdìbò abẹ́lé.

Inú mi dùn. Mo ròyìn rẹ̀ ká gbogbo An-Nàkásà, àdúgbò orí òkè tí mò ń gbé ní Mẹ́kà.

Nígbà tó kù díẹ̀, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí Wàsíù. Wọ́n ní kó jáwọ́, àwọn á gbé e sípò káńsílọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá a dù ú. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ọ̀rẹ́ bàbá yẹn ni, òun náà sì ti ń ṣẹ́jú sí i pé kó jáwọ́. Wàsíù pè mí.

"Bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ yìí ti dàrú mọ́ mi lójú. Àwọn èèyàn mi ní kí n má ta àwọn. Ìyàwó mi ní kí n gba káńsílọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì lò ń lọ?"

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́run kan náà ni, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ilé Rẹ̀."

Mo ṣèlérí pé màá lọ sí Háráámù, mọ́sáláṣí ńlá tí Kábà wà nínú rẹ̀, láti ṣe ìsítíkárà fún un, ìyẹn àdúrà tí mùsùlùmí fi ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó dáwọ́ lé nǹkan. Àwọn mìíràn a máa rí ìdáhùn rẹ̀ bí ìran.

Mi ò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Àwọn tó wá ṣe Háàjì ń ya wọlé bí omi, tí mo bá délé, oorun ni. Mò ń sọ pé tó bá dọ̀la. Ilé Ọlọ́run ò jìnnà sí mi, bóyá ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n máa sún un síwájú.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun alásárì, èmi àti àwọn ará àdúgbò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Sàlíù tó ń gẹrun. Mò ń sọ̀rọ̀ Wàsíù lọ́wọ́ ni Wàsíù pè.

Sàlíù ní, "Àlàájì Amẹ́ríkà, ẹ gbé ohùn rẹ̀ síta ká gbọ́, àbí irọ́ lẹ ń pa fún wa látọjọ́ yìí?"

Mo gbé e síta.

"Bọ̀dá, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì lẹ́nu mi. Kí lẹ rí?"

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Èmi tí mò ń mú ọmọ ọlọ́mọ dé Kábà, báwo ni ǹ bá ṣe sọ pé mi ò tíì débẹ̀ nítorí àbúrò mi? Mo ní mo rí i nínú aṣọ funfun, lórí àga gíga, tí bàbá yẹn ń bọ́ sílẹ̀ fún un. Mo ní kó má gba káńsílọ̀ kankan.

"Àlááhù Àkúbárù!" Sàlíù gbé abẹ kúrò lórí ẹni tó ń fá lórí. Wàsíù ń sunkún lórí fóònù. "Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi. Ó tán."

Ó kọ ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Wọ́n dìbò, bàbá arúgbó náà fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Kò pẹ́, ọ̀gá rẹ̀ dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wá ń fi iṣẹ́ òru kún ti ọ̀sán.

Mo rò pé á bú mi. Kò bú mi, ìyẹn ló sì burú jù. Ó ní ìran Mẹ́kà kì í purọ́, àkókò ni kò tíì tó.

Àwọn mẹ̀kúnnù yẹn ti padà wá bá a pé kó tún jáde. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí kì í pè mí, pè mí.

"Bọ̀dá, tó bá tún jáde, màá kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní ẹ̀yin lẹ rí i. Ṣé lóòótọ́ lẹ rí i?"

Mo ní, "Ìyàwó wa, fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Àwọn ẹgbẹ́ mi kàwé. Wàsíù kàwé. Èmi, Mẹ́kà nìkan ni mo ní.

Ìyá wa ń bọ̀ fún Háàjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi ni màá sì pàdé rẹ̀ ní Jẹ́dà. Wàsíù ti bá a sọ̀rọ̀. Lánàá ni Mọ́mì pè mí láti Ìwó.

"Ọmọ mi, ibi tí o forí kanlẹ̀ sí, tí Ọlọ́run fi àbúrò rẹ hàn ọ́, ibẹ̀ gan-an ni kí o mú mi lọ. Èmi náà á forí kanlẹ̀ síbẹ̀, kí ohun tí o rí fún un lè tètè ṣẹ."

Orúnkún ń dùn ún. Ó ti pẹ́ tó ti ń kírun lórí àga. Ó ní níbẹ̀, òun á sọ̀kalẹ̀ látorí àga.

Mo ní, "Ẹ máa bọ̀, Mọ́mì. Mo mọ ibẹ̀."

Háráámù tóbi, ẹ̀yin ará. Ibi tí mo bá nawọ́ sí, Mọ́mì á gbà pé ibẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, òun ni àbí Wàsíù? Ẹ tètè dá mi lóhùn kí bàálù Mọ́mì tó balẹ̀. Tó bá fi lè jókòó sórí àga níbẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú àtisọ̀kalẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹnu mi á là láti sọ òótọ́.