Ike Ẹnu Rọfíátù Tí Mo Yọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ọdún kan nínú mi. Mi ò lè gbé e mọ́, nítorí ọmọ mi ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Tíṣà ni mí nílùú Ọ̀fà. Rọfíátù, ọmọ mi obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn. Dókítà eléyín kan ní Ìlọrin sọ pé òkè ẹnu rẹ̀ fún jù. Ó ṣe ike kan fún un tí yóò máa wà ní àjà ẹnu rẹ̀ tọ̀sán-tòru, àfi tó bá ń jẹun tàbí tó ń fọ ẹnu. Nọ́ọ̀tì kékeré kan wà láàárín ike náà. Èmi ni kí n máa fi kọ́kọ́rọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí n sì fàmì sí káàdì tí dókítà fún mi, kí ẹnu ọmọ lè máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Wòlímọ̀ rẹ̀, ayẹyẹ pé ó ti ka Kùránì parí, ku oṣù méjì nígbà náà. Ike yìí ń mú kí itọ́ kún ẹnu rẹ̀, kò sì jẹ́ kí kéwú rẹ̀ já geere. Áfáà rẹ̀ ò sọ nǹkan kan o. Èmi ni mo gbọ́ tí àwọn ìyá kan ń rẹ́rìn-ín nílé kéwú, inú sì bí mi. Dókítà ti sọ fún mi pé kó máa kàwé sókè lójoojúmọ́ pẹ̀lú ike náà lẹ́nu, pé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó máa mọ́ ọn lára. Mi ò ní sùúrù yẹn. Mo yọ ike náà, mo jù ú sínú agolo mílíìkì, mo ní kí Rọfíátù má sọ fún bàbá rẹ̀.

Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń yí nọ́ọ̀tì ike tó wà nínú agolo, tí mo sì ń fàmì sí káàdì. Ẹ wo iṣẹ́ tíṣà.

Wòlímọ̀ dùn. Rọfíátù ké kéwú, gbogbo ẹbí gbóṣùbà fún un. Lẹ́yìn rẹ̀ la padà sọ́dọ̀ dókítà. Ike ti fẹ̀, ẹnu ọmọ ò fẹ̀, ike náà ò sì wọlé mọ́. Dókítà rọra béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun ò bínú, pé òun kàn fẹ́ mọ bí òun ṣe máa ran ọmọ náà lọ́wọ́ ni. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí.

Mo ní, "Dókítà, ọmọ yìí ló máa ń yọ ọ́ tí mi ò bá sí nílé."

Rọfíátù wò mí. Ó tẹrí ba.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá rẹ̀ ti ń pè é ní elékèé. Bí ṣúgà bá dín nílé, òun ni. Kò jẹ́ kó lọ họlidé lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìjàgbó mọ́, ó ní ta ni yóò máa ṣọ́ ọ. Wọ́n ṣe ike mìíràn fún un, kì í sì í yọ èyí láìnídìí. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni bàbá rẹ̀ ń ní kó lanu kí òun wò ó. Ọmọ á ní òun ò yọ ọ́, bàbá rẹ̀ á wá yíjú sí mi: "Ìyá Rọfí, ṣé òótọ́ ló ń sọ?" Èmi tí mo parọ́ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ń tì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe ọmọ náà sínú yàrá, mo ní mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Dádì á bínú sí yín. Ó ti mọ́ èmi lára."

Mo sunkún títí, mo sì pinnu. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ la ń padà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ibi tí mo ti parọ́ náà ni mo ti máa sọ òótọ́, níwájú òun àti ọkọ mi. Ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́ nítorí ilé mi, mi ò ní gbọ́. Ti Rọfíátù ni kí ẹ bá mi rò. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ìyá ṣe ń bẹ ọmọ tó ti gbà láti máa jẹ́ elékèé nítorí rẹ̀?