Ohun Tí Káfíńtà Fi Pamọ́ Sórí Afárá Onípákó

Nọ́ọ̀sì ti ní kí àwọn àlejò máa múra àtilọ nígbà tí Káfíńtà bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀ fún òun díẹ̀ sí i. Wọn ò ní pẹ́ wá gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì ti ṣàlàyé fún un pé oògùn oorun ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Ó ní òun ò bẹ̀rù ọ̀bẹ, oorun yẹn lòun ń bẹ̀rù, nítorí àgbàlagbà tó bá gbé irọ́ sùn ò mọ ibi tí òun á jí sí. "Ẹ sún mọ́ mi," ló wí. "Irọ́ kan wà tí mo ti ń sàba lé bí adìẹ ṣe ń sàba lé ẹyin. Ó ti pẹ́ tí ẹyin náà ti bàjẹ́. Mo fẹ́ fọ́ ọ lójú yín lónìí, kí òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ kan imú tèmi."

Ìbéèrè Bàbá Dírẹ́bà ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá Dírẹ́bà ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì wíwà, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ wọn, Ẹgbẹ́ Awárí. Ó ti fi àwàdà bi Káfíńtà pé, "Kẹ́ ẹ tó wọlé lọ bá àwọn dókítà, ẹ sọ ọ́ fún wa. Báwo gan-an lẹ ṣe fi nǹkan yẹn pamọ́ sórí afárá yẹn tí a ò fi rí i? Ó ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Onígbàjámọ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, fa àga rẹ̀ síwájú, ìyàwó Káfíńtà pàápàá dá èso bíbó dúró. Káfíńtà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí bí gbogbo wọn ṣe ń fẹ́ mọ̀.

Ẹni tí kò bá mọ eré wọn, ẹ jẹ́ kó gbọ́. Ẹnì kan á mú agolo tàbí ike kékeré tó ní ìdérí, á fi bébà pélébé sí i nínú tí ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ sí, á wá lọ fi í pamọ́ síbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá tí wọn kì í wò: inú ihò igi, abẹ́ bẹ́ǹṣì, ẹ̀yìn pátákó ojú pópó. Lẹ́yìn náà á fi nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibẹ̀ lórí máàpù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn yòókù fi fóònù tó ń júwe ọ̀nà wá a lọ. Ẹni tó bá rí i á kọ orúkọ rẹ̀, á dá a padà bó ṣe bá a, á sì máa lọ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Wọn kì í gbẹ́lẹ̀ rì í, wọn kì í gbé e wọ ọgbà ẹlòmíràn. Wọ́n lè dárí jì ọ́ bí o bá gbàgbé bírò, wọ́n lè dárí jì ọ́ bí o bá jẹ́ kí ará ìta rí ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ohun tí ẹlòmíràn fi pamọ́ lọ, olè ni, kò sí orúkọ méjì tí wọ́n ń pè é.

Láàrin wọn, kò sí ẹni tó mọ nǹkan pamọ́ bíi Káfíńtà. Ó lè gbẹ́ igi kó dà bí ẹ̀ka gbígbẹ, kí ẹyẹ bà lé e. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tí Káfíńtà bá fi pamọ́, ẹsẹ̀ ejò ni. Ẹnì kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ lè bá ọwọ́ Káfíńtà dọ́gba ni Tíṣà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé. Òun ló máa ń kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ jáde. Á ní, "Ẹ gba iná sí fóònù yín kó kún kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ gbé omi, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ fún ará ilé. Bírò méjì ni kẹ́ ẹ mú, torí bírò kan máa ń yan ọjọ́ tó máa gbẹ. Tí fóònù bá ti gbé yín dé àdúgbò ibẹ̀, ẹ fi í sápò, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ojú ló kù. Kẹ́ ẹ wá bi ara yín pé, ká ní èmi ni mo fẹ́ fi í pamọ́, níbo ni ǹ bá fi í sí? Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ihò tí ojú ò tíì débẹ̀ o, ẹni tó ń gbénú ihò kì í kí àlejò káàbọ̀." Àwọn tuntun á máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n á rántí.

Nígbà tí wọ́n kan afárá onípákó tuntun sórí adágún inú ọgbà ìgbafẹ́, gbogbo ẹgbẹ́ ló ń fojú sí i lára. Òfin wọn ni pé ohun ìpamọ́ méjì kò gbọdọ̀ sún mọ́ra, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi nọ́ńbà síta ló ni ibẹ̀. Káfíńtà gbọ́ pé Onígbàjámọ̀ ń rìn yí afárá náà ká. Ló bá yára fi nọ́ńbà síta, nígbà tí nǹkan tó fẹ́ fi pamọ́ ṣì wà lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Orí òpó ló ń gbẹ́, irú èyí tó wà lórí àwọn òpó afárá náà gẹ́lẹ́, àmọ́ inú tirẹ̀ ṣófo, èèyàn á sì lè yí i ṣí. Ó ku díẹ̀ kó parí rẹ̀ ni igi náà là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní kò burú, òun á gbẹ́ òmíràn lọ́la. Nígbà tí ọ̀la dé, oníbàárà kan ń retí ilẹ̀kùn.

Àwọn èèyàn sì ti lọ sí afárá. Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́: "Mo wá a títí ọrùn fi ń dùn mí. Káfíńtà, mo júbà." Òmíràn kọ ọ́ pé òun ti dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ afárá débi tí ará ìta kan fi bi òun bóyá ara òun ò yá. Káfíńtà ka èyí nínú ṣọ́ọ̀bù, lẹ́búlẹ́bú pákó wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á fi wọ́n ṣeré fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ìyìn dùn, kì í sì í yó ni. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Àwọn awárí ìlú míràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ wá. Wọ́n ní kó ta àwọn lólobó, ó ní, "Ojú yín ti rí i." Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò nídìí, báwo ni kò ṣe ní jinlẹ̀? Nígbà míì á lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì etí adágún, á máa wo àgbà èèyàn tí ń fọwọ́ pa igi lára bí ẹni ń wá iṣu nínú òkùnkùn, inú rẹ̀ á dùn, ìtìjú á sì bá inú dídùn náà wọlé.

Onígbàjámọ̀ dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu níbi bẹ́ẹ̀dì náà. "Ẹ dúró ná. Kí ló dé tẹ́ ò kúkú gbẹ́ òmíràn? Iṣẹ́ ọ̀sán kan ṣá ni."

"Mo ti bi ara mi," Káfíńtà dáhùn. "Ohun tó bá wà, ẹnì kan á rí i lọ́jọ́ kan, á di nǹkan lásán. Èyí tí kò sí, ta ló máa rí i? Òun ló sọ mí di ọ̀gá."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Igi tó là, tẹ́ ẹ ní kí n jù nù, tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ṣé òun nìyẹn?"

"Òun ni."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Káfíńtà gbọ́wọ́ sókè. Ó ní èyí tí òun ti sọ, eré ọmọdé ni, èyí tó burú ṣì ń bọ̀.

Tíṣà kò bá àwọn yòókù sáré lọ síbẹ̀. Ó fi sùúrù lọ ní òwúrọ̀ Sátidé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun afárá kan, ó fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan, ó fi dígí kékeré wo abẹ́ pákó. Nígbà tó parí, kò pariwo rẹ̀ síta. Ó pe Káfíńtà nìkan lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó jọ pé nǹkan yín ti kúrò níbẹ̀. Ẹ bá wa lọ wò ó." Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹni tó ni nǹkan ló ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀kùn àtijẹ́wọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún Káfíńtà lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mo débẹ̀ lánàá. Ó wà níbẹ̀." Tíṣà dúpẹ́, ó tún padà lọ. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ pé kò sí nǹkan kan lórí afárá yẹn. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kó lọ ra ojú míràn. Bàbá Dírẹ́bà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nígbà tí ẹgbẹ́ bá jáde, kí Káfíńtà fi í han òun nìkan, kí ọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́ náà pé. Káfíńtà kúnlẹ̀ nídìí òpó kan, ó fọwọ́ rá a títí, ó dìde, ó káwọ́ lérí. "Wọ́n ti gbé e," ló wí. Wọ́n ní ta ni? Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn yíjú sí Tíṣà, ó ní, "Ẹni tó ti fọwọ́ kan gbogbo igi ni ká bi." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Tíṣà tú àpò rẹ̀ dà sórí pákó: bírò, dígí, ike omi, ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́. "Ẹ wò ó," ló wí. Wọn ò wò ó. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ láti kó ẹrù rẹ̀, atẹ́gùn gbé ìwé kan sínú omi, ẹnikẹ́ni ò bá a mú un. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ kí wọ́n tó délé.

"Nítorí náà," Bàbá Dírẹ́bà sọ jẹ́jẹ́, "ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ yín."

"Kò sí. Kò fìgbà kan sí rí."

Onígbàjámọ̀ dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí wọn. Bàbá Dírẹ́bà gbá ẹsẹ̀ Káfíńtà mú láti orí aṣọ ìbora. Ó ní, "Àwa náà ò wo àpò yẹn. Ẹjọ́ tiwa nìyẹn, a ó ro ó. Ṣùgbọ́n a ò ní bá yín jẹ́ṣẹ́ fún Tíṣà. Bẹ́ ẹ bá jí, ẹnu yín ni kó ti gbọ́." Nọ́ọ̀sì sì dé.

Ó jí. Nígbà tó lè fi ọ̀pá rìn, kò tíì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé ni ìyàwó rẹ̀ mú un lọ. Àwọn ọmọ ti lọ ilé. Tíṣà ń to àga. Káfíńtà fẹ́ kúnlẹ̀, ojú abẹ kò gbà fún un. Tíṣà ní, "Ẹ jókòó sà," àga ọmọdé ló sì wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló jókòó, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, ìbéèrè ni Tíṣà bi í.

"Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù, ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀."

"Tẹ́ ẹ ní ó wà níbẹ̀ lánàá."

"Irọ́ ni."

Tíṣà gbé àga kan lé òmíràn. "Orúkọ olè kọ́ ló dùn mí jù," ló wí. "Mo mọ ọwọ́ mi. Àmọ́ mo gbà yín gbọ́. Mo ní bí Bàbá Káfíńtà bá ní ó wà níbẹ̀, á jẹ́ pé ojú mi ni kò rí i. Mo ṣì ń lọ síbẹ̀ bí a bá gba ìsinmi. Mo ní bí mo bá rí i, màá gbé e wá bá gbogbo yín. Ní báyìí, tí mo bá máàkì ìwé ọmọ, mo tún máa ń padà máàkì ẹ̀. Mi ò fọkàn tán ojú mi mọ́."

Káfíńtà ò mọ̀ pé omi ń bọ́ lójú òun títí ó fi kán sí ọwọ́ rẹ̀. Ó ti rò pé orúkọ obìnrin náà nìkan lòun jí. Ó ní kó dákun, kó dárí ji òun.

"Ìdáríjì ń bọ̀," Tíṣà dáhùn. "Kò wọkọ̀ ni, ẹsẹ̀ ló ń fi rìn."

Lọ́jọ́ kejì, Káfíńtà kọ ọ́ sójú ibi tí awárí gbogbo ìlú ti ń kà á. Ó ní òun kò fi nǹkan kan sórí afárá onípákó rí, olè kankan kò sì débẹ̀ àfi òun. Ó bẹ gbogbo ẹni tó ti fi orúnkún gbólẹ̀ níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sí àwọn ọ̀dọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá yìn wọ́n fún iṣẹ́ tí wọn ò ṣe, kí wọ́n tètè sọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí ẹ̀rín ṣì lè parí rẹ̀. Ẹgbẹ́ dá orúkọ Tíṣà padà. Wọ́n yọ ti Káfíńtà, kò sì bá wọn jà.

Ní ọjọ́ Sátidé, Tíṣà pè é, ó ní kó pàdé òun nínú ọgbà. Ó ní òun fẹ́ kó fi gbogbo ibi tí nǹkan náà kò sí han òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun afárá. Tíṣà á gbé ọwọ́ lé òpó, Káfíńtà á ní, "Kò sí níbí." Wọ́n á sún síwájú. "Kò sí níbí náà." Ìyá kan tó ń ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ wò wọ́n, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Nígbà tí òpó tán, Tíṣà fara ti igi.

"Ká ní igi yẹn ò là," ló béèrè, "èwo nínú wọn lẹ bá fi í sí?"

Káfíńtà fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí òpó kan láàárín. Tíṣà padà síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ yí orí òpó náà ká, ó fi èékánná rá ibi tí ìlà ìṣí ì bá wà, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ǹ bá ti rí i," ló wí.

"Ẹ bá ti rí i," Káfíńtà dáhùn. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́."