Ọmọ Tó Jókòó Létí Fèrèsé

Ọ̀sán Sátidé, aago méjì kọjá díẹ̀. Kíkẹ́ ló pè, láti orí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ọ́fíìsì wọn ní Yábàá, torí pé network kì í wọ inú ilé yẹn. Gbádé, ọ̀gá rẹ̀ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lánàá, ló gbé e, nínú bọ́ọ̀sì Ìbàdàn tí kò tíì kún ní Jíbówú. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ rèé, àfi ibi tí network bá jẹ ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

[Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta.]

GBÁDÉ: Kíkẹ́.

KÍKẸ́: Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ ti gbéra?

GBÁDÉ: Rárá. Wọ́n ní èèyàn méjì ló kù. Láti aago kan ni wọ́n ti ń sọ pé èèyàn méjì ló kù.

KÍKẸ́: Àǹtí, ìyàwó yín, ńkọ́?

GBÁDÉ: Ó ti wà ní Ìbàdàn láti àárọ̀. Ó ń gbálẹ̀ ilé tuntun.

KÍKẸ́: Ẹ̀yin wá jókòó sí Jíbówú. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún ìgbálẹ̀, sà.

GBÁDÉ: Kí lo fẹ́? O ò kí mi pẹ́ tó báyìí rí.

KÍKẸ́: Kí n má kí yín mọ́?

GBÁDÉ: Kíkẹ́.

KÍKẸ́: Ó dáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún mi pé kú iṣẹ́ ni. Mo ti gbé website ilé-ìwé Màmá Kòfowórọlá sókè. Tuntun pátápátá. Èmi nìkan.

GBÁDÉ: Ìwọ nìkan?

KÍKẸ́: Èmi nìkan. Ẹ ò tíì lọ tán, ayé ti ń yí láìsí yín.

GBÁDÉ: Mo ti gbọ́. Kú iṣẹ́. Jude ńkọ́?

KÍKẸ́: Jude ń jẹ ẹ̀pà nídìí tábìlì ẹ̀ nínú ọ́fíìsì.

[Ohùn kan ní ìta bọ́ọ̀sì: Ìbàdàn, èèyàn méjì ló kù.]

KÍKẸ́: Aago mẹ́rin ni àwọn old students máa pé sí hall ní Súrùlérè. Wọ́n máa fi projector gbé àwọn fọ́tò àtijọ́ láti orí website yẹn sára ògiri. Màmá á wá jókòó níwájú, wọ́n á máa sọ ẹni tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ó máa dùn.

GBÁDÉ: Màmá á máa sọ ọ́?

KÍKẸ́: Ta ni kó sọ ọ́? Headmistress ni wọ́n, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kàwé ní kékeré.

[Pí-pí lórí fóònù Gbádé.]

GBÁDÉ: Ẹnì kan ń pè mí. Á dúró. Deploy yẹn, bó o ṣe gbé e sókè, ṣé kò ṣe wàhálà? Ṣé o gbọ́ mi?

KÍKẸ́: Mo gbọ́ yín. Kò ṣe nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ yẹ gbogbo file wò, bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní gbogbo ẹ̀ clean, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni yí padà tí kò commit, tí kò fi pamọ́ sínú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wa. Ó tún fi green kọ ọ́.

GBÁDÉ: Ó ní clean.

KÍKẸ́: Clean, sà.

[Ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ ẹrù nínú bọ́ọ̀sì.]

KÍKẸ́: Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Hello?

GBÁDÉ: Mo wà ńbí. Ibo ló yẹ̀ wò tó fi ní clean?

KÍKẸ́: Báwo, ibo?

GBÁDÉ: Laptop rẹ ni, àbí server tí website ń gbé?

KÍKẸ́: Laptop mi. Ibẹ̀ nìkan ló máa ń yẹ̀ wò. Àpò tiwa ló ń tú, kì í tú àpò ẹni tó ń gbé ẹrù lọ bá. Ta ló fẹ́ lọ tún nǹkan ṣe lórí server? Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé—

GBÁDÉ: Mo mọ̀.

KÍKẸ́: — pé ẹni tó bá fọwọ́ kan file lórí server tààrà, ẹ máa gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé báyìí.

GBÁDÉ: Mo mọ̀, Kíkẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́.

KÍKẸ́: Ẹ tún fa ìlà sábẹ́ ẹ̀.

GBÁDÉ: Nínú èyí tó o gbé sókè yẹn, kí ló wà lábẹ́ àwọn fọ́tò?

KÍKẸ́: Bó ṣe wà lórí laptop mi. Fọ́tò kìíní, fọ́tò kejì, títí dé mẹ́tàlélógójì.

GBÁDÉ: Kò sí orúkọ àwọn ọmọ?

KÍKẸ́: Orúkọ wo, sà? Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀ rí.

GBÁDÉ: Ó wà níbẹ̀. Orí server ló wà.

[Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń pariwo.]

KÍKẸ́: Ẹ̀gbọ́n Gbádé.

GBÁDÉ: Ẹ̀n.

KÍKẸ́: Ta ló kọ ọ́ síbẹ̀?

GBÁDÉ: Kíkẹ́, jẹ́ kí n ṣàlàyé.

KÍKẸ́: Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ yín wá.

GBÁDÉ: Mo ti dá a padà lánàá.

KÍKẸ́: Orí yín ló yọ yín.

GBÁDÉ: Gbọ́. Ọdún méjì ni Màmá ti ń pè mí ní gbogbo Sátidé. Wọ́n á ní, Gbádé, mú bírò. Fọ́tò báyìí, ìlà kejì, ẹni kẹta, lágbájá nìyẹn, bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní relùwéè, ó máa ń gbàgbé bàtà ẹ̀ sílé. Wọn kì í gbé fóònù sílẹ̀ o. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ rí i lójú ẹsẹ̀. Mo wá ń wọ server, mo ń kọ ọ́ síbẹ̀.

KÍKẸ́: Kí lẹ ò ṣe ní kí wọ́n fi email ránṣẹ́?

GBÁDÉ: Ìwọ pè wọ́n kó o sọ fún wọn. Màmá yẹn ló kọ́ mi ní primary four. Títí dòní, tí wọ́n bá pè mí, mo máa ń dìde dúró.

KÍKẸ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nírùngbọ̀n.

GBÁDÉ: Èmi tí mo nírùngbọ̀n. Ojú ló ń tì mí, mi ò lè sọ fún yín, lẹ́yìn tí mo ti kọ ọ́ sára ògiri.

KÍKẸ́: Kò burú. A máa bẹ Màmá kí wọ́n tún un sọ. Èmi fúnra mi á—

GBÁDÉ: Wọn ò lè tún un sọ.

KÍKẸ́: Kí ló dé?

GBÁDÉ: Wọ́n ti ń gbàgbé. Oṣù kẹrin nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n bi mí léèrè bàbá mi, bàbá mi tó ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti dárúkọ fún mi, wọn ò mọ̀ wọ́n mọ́. Inú file yẹn nìkan ló kù sí, Kíkẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí.

[Network gé. Ó padà.]

KÍKẸ́: — gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

GBÁDÉ: Mo gbọ́ ẹ. Ẹ̀ẹ̀melòó lo run deploy yẹn lónìí?

KÍKẸ́: Ẹ̀ẹ̀kan.

GBÁDÉ: Kíkẹ́.

KÍKẸ́: Ẹ̀ẹ̀mejì. Button kan wọ́.

GBÁDÉ: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ẹ̀ẹ̀melòó?

KÍKẸ́: Ẹ̀ẹ̀mẹta, sà. Fọ́tò kan ò jáde dáadáa.

GBÁDÉ: Ó dáa. Ó ṣì dáa. Tó o bá run un, kì í pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ń tọ́jú ẹ̀dà àtijọ́ mẹ́ta. Èyí tó pẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní orúkọ nínú. Tó o bá run ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó máa da ìyẹn nù. Sọ fún mi pé o ò tíì run ẹ̀ẹ̀kẹrin.

KÍKẸ́: Mi ò tíì run un.

GBÁDÉ: Olúwa, ẹ ṣé.

KÍKẸ́: Jude ló fẹ́ run un.

GBÁDÉ: Kí lo sọ?

KÍKẸ́: Green ara button yẹn dúdú jù, mo ti tún un ṣe. Jude wà nídìí laptop, Enter ló kù. Mo sọ fún un pé kí n bi yín léèrè àwọ̀ yẹn ná, tẹ́ ẹ bá ti ní ó dáa, mo máa na àtàǹpàkò sí i láti ojú fèrèsé.

GBÁDÉ: Kíkẹ́, ọwọ́ rẹ dà?

KÍKẸ́: Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀.

GBÁDÉ: Fi ọwọ́ yẹn sẹ́yìn.

KÍKẸ́: Ó ti wà lẹ́yìn, sà. Ó ń wò mí. Ó ń rẹ́rìn-ín.

GBÁDÉ: Má rẹ́rìn-ín padà.

[Kíkẹ́ gbá fèrèsé.]

KÍKẸ́: Jude! Gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

[Ohùn Jude láti inú ilé: Ṣebí you said I should—]

KÍKẸ́: Gbé ọwọ́ kúrò. Gbé laptop yẹn wá síbí. Rọra gbé e.

[Jude: Kí n gbé ẹ̀pà náà?]

GBÁDÉ: Sọ fún un kó fi ẹ̀pà sílẹ̀.

KÍKẸ́: Ẹ̀gbọ́n Gbádé ní kó o fi ẹ̀pà sílẹ̀.

[Ìlẹ̀kùn dún. Jude gbé laptop dé, Kíkẹ́ gbà á, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.]

GBÁDÉ: Ṣé Wi-Fi dé ibẹ̀?

KÍKẸ́: Ó dé díẹ̀. Mo ti ń wọ server. Ó dúró. Ó ń lọ. Mo rí i, folder mẹ́rin. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àti mẹ́ta àtijọ́.

GBÁDÉ: Ṣí èyí tó pẹ́ jù. File àwọn fọ́tò.

[Kíbọ́ọ̀dù ń dún. Ní Jíbówú: Èèyàn kan ló kù, Ìbàdàn.]

GBÁDÉ: Kíkẹ́? Ṣé o gbọ́ mi?

KÍKẸ́: Ó wà ńbẹ̀.

GBÁDÉ: Gbogbo ẹ̀?

KÍKẸ́: Gbogbo ẹ̀. Fọ́tò kẹtàdínlógún: ẹni tó mú àsíá ni Mujeebah, ohùn ẹ̀ dùn ju ti ẹgbẹ́ akọrin lọ, àmọ́ kì í—

GBÁDÉ: Kọ́kọ́ copy ẹ̀. Kíkà ń bọ̀.

KÍKẸ́: Mo ti copy ẹ̀ sórí laptop. Mo tún fi sórí fóònù Jude.

GBÁDÉ: Commit ẹ̀ báyìí.

KÍKẸ́: Kí ni kí n kọ sínú message ẹ̀?

GBÁDÉ: Ohun tó bá wù ẹ́.

KÍKẸ́: Mo kọ ọ́ báyìí pé, Ẹ̀gbọ́n Gbádé fọwọ́ kan server.

GBÁDÉ: Kíkẹ́, pa ìyẹn rẹ́.

KÍKẸ́: Mo ti push ẹ̀ síta, sà. A kì í pa history rẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa.

[Jude ń rẹ́rìn-ín. Gbádé náà, nígbà tó yá.]

GBÁDÉ: Ẹ jẹ́ kó tẹ Enter.

KÍKẸ́: Jude, tẹ̀ ẹ́. Mo na àtàǹpàkò. Wò ó dáadáa o, àtàǹpàkò nìyí.

[Kíbọ́ọ̀dù dún lẹ́ẹ̀kan.]

KÍKẸ́: Ó ti gbé e lọ. Gbogbo orúkọ ti wà lábẹ́ fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n, fọ́tò ogójì, primary four. Ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu ni Gbádé. Ó máa ń sọ pé òun ti parí iṣẹ́ nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ èyí?

GBÁDÉ: Wọ́n ń pè é fún mi, wọ́n ń dúró. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?

KÍKẸ́: Mo fẹ́ràn Màmá yìí. Èyí tó wà ní fọ́tò kìíní ńkọ́? Gbogbo wọn ló lórúkọ. Ẹ wá kọ, ọmọbìnrin tó jókòó létí fèrèsé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

GBÁDÉ: Fọ́tò tó pẹ́ jù nìyẹn. Wọn ò rántí ẹni tó jẹ́. Oṣù kẹrin rèé. Wọ́n á kàn ní, fi í sílẹ̀, mo ń bọ̀ wá rántí ẹ̀. Ó ń dùn wọ́n gan-an.

[Pí-pí lórí fóònù Gbádé.]

KÍKẸ́: Ta ló tún ń pè yín yìí?

GBÁDÉ: Jẹ́ kí n wò ó. Yéè. Àwọn ni. Sátidé ni òní.

KÍKẸ́: Ẹ gbé e. Ẹ da ìpè wa pọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ má wọ server.

[Pí-pí dáwọ́ dúró. Ìpè dà pọ̀.]

MÀMÁ: Gbádé.

GBÁDÉ: Mà.

[Ìjókòó bọ́ọ̀sì dún. Orí kan gbá òrùlé. Ẹnì kan ní: Bọ̀dá, ẹ jókòó, a ò tíì dé.]

MÀMÁ: Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

GBÁDÉ: Ẹ má bínú, mà.

MÀMÁ: Bàbá rẹ ńkọ́?

[Gbádé rọra jókòó padà.]

GBÁDÉ: Wọ́n ní kí n kí yín, mà.

MÀMÁ: Ó ṣé. Mú bírò.

GBÁDÉ: Kíkẹ́ ló máa kọ ọ́ lónìí, mà. Òun ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ.

MÀMÁ: Ta ni Kíkẹ́?

KÍKẸ́: Èmi ni, mà. Ẹ kú ọ̀sán, mà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mà.

[Òótọ́ ni. Jude ló di laptop mú fún un.]

MÀMÁ: Dìde, kó o kọ̀wé. Ọmọ tó jókòó létí fèrèsé nínú fọ́tò kìíní yẹn, mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ń wé gèlè tí mo fẹ́ wé lọ sí hall. Mo wo dígí, mo rí etí yẹn. Etí kan náà ni. Ó yọ síta.

KÍKẸ́: Ta ni, mà?

MÀMÁ: Èmi ni.

[Network ń ké.]

MÀMÁ: Mo dárúkọ gbogbo àwọn tó yí mi ká, mi ò mọ ara mi. Ó dùn mí, Gbádé. Ọmọdébìnrin yẹn ti ń wò mí láti oṣù mẹ́rin.

GBÁDÉ: Ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí, mà.

MÀMÁ: Kọ ọ́ kíákíá kó tó tún lọ. Kòfowórọlá nìyẹn. Kò jókòó dáadáa. Ìta ló ń wò.

[Kíbọ́ọ̀dù ń dún kíákíá. Ní Jíbówú, ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún.]

MÀMÁ: Ṣé o ti kọ ọ́?

KÍKẸ́: Mo ti kọ ọ́, mà.

MÀMÁ: Kà á sí mi létí.

KÍKẸ́: Ọmọbìnrin tó jókòó létí fèrèsé ni Kòfowórọlá. Kò jókòó dáadáa. Ìta ló ń wò. Mo ti commit ẹ̀, mà. Mo ti gbé e lọ, ó ti wà níbi mẹ́ta, kò lè lọ mọ́. Mà? Ẹ̀gbọ́n? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní kò lè lọ mọ́, mà. Ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já.]