Ìran Òkun Tí N Kò Rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tètè bú mi. Ohun kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n lè wo ojú ọkọ mi mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ lánàá ló mú mi jẹ́wọ́.

Iṣẹ́ ológun ojú omi ni Bàbá Bísí ṣe. Navy Town là ń gbé kí a tó kọ́lé sí Ìbà. Ní gbogbo ọdún yẹn, òkun ló ń gbé e lọ, èmi nìkan ni mo ń tọ́ ọmọ. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, mo ní ó di tèmi wàyí.

Àfi bí ó ṣe ní òun fẹ́ lọ wo àbùùbùtán, ẹran omi tó tóbi jù lọ, ní erékùṣù Sao Tome. Ó ti rí abo kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ lójú agbami rí, kò sì gbàgbé. Ó bá ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó béèrè oṣù tí àwọn àbùùbùtán máa ń kọjá. Ó ra awò tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú. Mo ní kí ó mú mi dání. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ tí ọkọ̀ ojú omi Ọ̀jọ́ lásán ń mú bì?" Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Ẹ jọ̀ọ́, aríran ni mí ní ìjọ aláṣọ funfun wa ní Okokomaiko. Ìran mi ti ṣẹ rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú sùtánà lọ́rùn, mo ní mo rí fìlà ọkọ mi lórí omi. Irọ́ ni. N kò rí nǹkan kan. Ìjọ gbààwẹ̀ fún un, ọkọ mi sì fagi lé ìrìn àjò náà.

Kò pẹ́ tí rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un báyìí. Bí àlejò bá wá, á ní, "Ìyàwó mi yìí ló gbà mí lọ́wọ́ ikú omi." Èmi á sá lọ sí kíṣìnnì lọ sunkún.

Lánàá, ó ní kí n gbé awò náà wá. Ó fi ọwọ́ òsì dì í mú. "Ìyá Bísí, jọ̀ọ́, tún bá mi wò ó nínú ẹ̀mí. Bísí lè fi kẹ̀kẹ́ arọ tì mí dé etí ọkọ̀. Bí Olúwa bá ti ṣí ọ̀nà òkun yẹn, sọ fún mi."

Bí mo bá ní ó ti ṣí, irọ́ kejì nìyẹn. Bí mo bá sọ òótọ́, á mọ̀ pé ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le ni mo dá a dúró. Àtàárọ̀ ni kò ti jẹun, ó ní òun ń gbààwẹ̀ kí n lè ríran dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?